Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Linux àti Àwọn Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tí A Pa Tì

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará ìlú sọ ní Obbo-Ayégúnlẹ̀, Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì, Ìpínlẹ̀ Kwara



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ga ju orí ẹnikẹ́ni lọ, bí orúkọ àjèjì tilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tí a ti ní nílé tí a sì pa tì ni. Àwọn baba wa ní ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gi ń náání èèpo igi. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ ilé olùkọ́, tàbí ilé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí ilé òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, ní Àbújá tàbí lókè òkun, kì í pẹ́ tí ojú wa fi máa ń bá kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí eruku ti bò, èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tàbí tí wọ́n rà ní tòkunbọ̀ ní Ìlọrin, tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí ó fi di ọjọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tí a ń tẹ bọ́tìnì tí a ń dúró, tí a tún ń tẹ̀ tí a tún ń dúró, títí sùúrù fi tán lọ́wọ́ onílé, tó sì sọ pé ẹ̀rọ ti kú.

Ohun tí mo wá sọ fún yín ni pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò kú rárá. Ẹrù tó ju agbára wọn lọ ni a gbé rù wọ́n. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: bí a bá wá ètò tó bá agbára ẹ̀rọ kékeré mu, ẹ̀rọ náà yóò dìde, yóò sì tún sin ọmọ ènìyàn fún ọdún púpọ̀, láìjẹ́ pé a lọ jẹ gbèsè tàbí pé a jí ohun olóhun. Orúkọ irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Linux. Mo sì tún fẹ́ kí ó hàn sí wa pé ohun tó wọ́n wa jù lọ ní agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìmọ̀ bí a ṣe ń tún un ṣe ni.

Ẹrù Tó Ju Agbára Lọ

Ohun mẹ́ta ló wà nínú kọ̀ǹpútà tó yẹ kí a mọ̀. Èkíní ni ọpọlọ rẹ̀ tó ń ṣe ìṣirò, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní processor. Èkejì ni RAM, ibi tó máa ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, tí ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ sì ń parẹ́ bí iná bá lọ. Ẹ̀kẹta ni dísìkì, ibi tí a ń kó ohun tí a fẹ́ fi pamọ́ sí. Lórí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ètò kan jókòó lé, tó ń darí wọn gẹ́gẹ́ bí olórí agbo ilé ti ń darí ará ilé: òun ló ń pín àyè, òun ló ń sọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò tó sì ń tìlẹ̀kùn mọ́ olè. Bí olórí agbo ilé bá jẹ́ ẹni tí ń jẹ ìdajì oúnjẹ kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kan àwo, ebi yóò pa ilé náà, ẹ̀bi náà kò sì ní jẹ́ ti oko.

Windows tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣe ni ètò tí púpọ̀ nínú wa mọ̀. Nígbà tí Windows XP jáde ní ọdún 2001, RAM tó kéré jù lọ tí wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà ní ni 64MB. Ní ọdún 2009, Windows 7 béèrè fún 1GB. Ní ọdún 2021, Windows 11 béèrè fún 4GB, èyí tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ohun tí XP béèrè, pẹ̀lú àyè 64GB lórí dísìkì, àti ohun èlò ààbò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TPM 2.0, tí púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2016 kò ní. Láàárín ogún ọdún yẹn, ìwé ìbéèrè ìdánwò tí olùkọ́ ń tẹ̀ kò gùn sí i. Lẹ́tà tí akọ̀wé ìjọ ń kọ kò wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ kò yàtọ̀. Ètò tó ń darí ẹ̀rọ ló sanra.

Yàtọ̀ sí èyí, ètò kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft jáwọ́ nínú àtúnṣe ààbò fún Windows XP. Ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni ti Windows 7. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 sì ni ti Windows 10. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀rọ tí kò lágbára láti gbé Windows 11 di ẹni tí kò ní alábòójútó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀, tí kí-bọ́ọ̀dù rẹ̀ sì pé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á gbé e lọ fún ẹni tí yóò fi Windows tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, èyí tí a kò san owó rẹ̀ fún ẹni tó ni ín, tí a kò sì mọ ohun tí ẹni tó já a fi pamọ́ sínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń gun fláàṣì kan bọ́ sí òmíràn, títí tí ìwé ọdún mẹ́ta yóò fi ṣègbé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. A ń kọ́ ọmọ pé kí ó má jalè, a sì ń kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà lórí ohun tí a jí. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, mo sì mọ̀ pé yóò dun ẹ̀yin náà.

Àwọn Tó Fi Ọgbọ́n Wọn Tọrẹ

Ní ọdún 1983, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ ní MIT, kéde pé òun yóò ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí gbogbo ayé lè lò, tí wọ́n lè wo inú rẹ̀, tí wọ́n lè tún un ṣe, tí wọ́n sì lè fún aládùúgbò wọn láìtọrọ àyè. Ó sọ ọ́ ní GNU. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń ṣe ọkàn ètò kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìgbádùn. Ìyẹn ni Linux. Nígbà tó di ọdún 1992, ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ tí Stallman ti là sílẹ̀, tó sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá tún un ṣe tó sì pín in gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà rí inú rẹ̀ bí òun ti rí i. Ní ọdún 1993, Ian Murdock dá Debian sílẹ̀. Ní ọdún 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, gbé Ubuntu jáde láti ara Debian, ó sì ń fi àwo CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá béèrè níbikíbi láyé títí di ọdún 2011.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ti da ọgbọ́n wọn jọ sínú ohun tí mo ń sọ yìí, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹnì kan lè sọ nínú ara rẹ̀ pé bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, pé Linux jẹ́ ohun tí tálákà ń lò nítorí pé kò rí Windows rà. Rárá o. Fóònù Android tó wà lápò púpọ̀ nínú yín báyìí, Linux ló wà ní ọkàn rẹ̀; láti oṣù Kọkànlá ọdún 2017 sì ni gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ láyé, tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ojú ọjọ́ àti oògùn, ti ń lo Linux, tí kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ń lo ohun mìíràn. Ohun tí ọlọ́rọ̀ ń fi ṣe iṣẹ́ ńlá náà ni tálákà lè fi ṣe iṣẹ́ kékeré, nítorí pé a lè bù ú ní ìwọ̀n tó bá agbára wa mu.

Ohun Tó Ti Ṣẹlẹ̀ Rí ní Ilẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2007, ẹgbẹ́ One Laptop per Child tí Nicholas Negroponte jẹ́ olórí rẹ̀ kó àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké wá fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Galadima ní Àbújá. XO ni orúkọ ẹ̀rọ náà: aláwọ̀ ewé àti funfun, tí ojú rẹ̀ ṣeé kà nínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n ṣe é parí, RAM rẹ̀ jẹ́ 256MB, àyè ìpamọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 1GB péré. Síbẹ̀ àwọn ọmọdé ń kọ̀wé lórí rẹ̀, wọ́n ń yàwòrán, wọ́n ń kọ orin, nítorí pé Linux tí wọ́n tọ́ láti bá a mu ló wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún kan náà, ètò mìíràn wáyé láti ra Classmate PC tí Intel ṣe, 17,000 ní iye, fún àwọn ilé-ìwé Nàìjíríà, pẹ̀lú ètò Mandriva Linux tí ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé ṣe. Lẹ́yìn tí ọjà ti parí, ọ̀rọ̀ yí padà: wọ́n sọ fún Mandriva pé a ó san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n Windows ni a ó fi rọ́pò rẹ̀. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer tó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ariwo sì ta káàkiri ayé, títí tí àjọ ìjọba tó ń náwó sí apá kan àwọn ẹ̀rọ náà fi sọ pé òun yóò fi Mandriva sílẹ̀ sínú tòun.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn ẹni ńlá lè máa jà lórí ohun tí yóò wà nínú ẹ̀rọ ọmọ wa, kí ẹnikẹ́ni má sì bi wá léèrè, bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Ẹ̀rọ tí a fi ta ìlú lọ́rẹ láìkọ́ ará ìlú bí a ṣe ń tún un ṣe yóò di ẹrù bíbàjẹ́ nínú yàrá ìkẹ́rùsí. Ìlú tó bá mọ ètò inú rẹ̀ ló ni ẹ̀rọ náà ní tòótọ́.

Yíyan Ètò Tó Bá Ẹ̀rọ Mu

Linux kì í ṣe ẹyọ kan. Oríṣìíríṣìí ni, bí ọ̀nà kan kò ti wọ ọjà. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni láti mọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ wo RAM.

Bí RAM kò bá tó 1GB, kí a wo antiX, tí ọwọ́ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gíríìsì, tó sì lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ní 256MB bí a bá bá a ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ lórí dísìkì. Kí a tún wo Puppy Linux, tí Barry Kauler bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní ọdún 2003, èyí tó máa ń kó gbogbo ara rẹ̀ sínú RAM, tí a fi lè máa lò ó láti orí fláàṣì nìkan nígbà tí dísìkì bá ti bàjẹ́ pátápátá. Tiny Core tún wà, tí gbogbo rẹ̀ kò tó 30MB, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀nà ni mo máa ń gbà nímọ̀ràn láti lò ó.

Bí RAM bá jẹ́ 1GB sí 2GB, Lubuntu, tó ń lo ojú-iṣẹ́ LXQt, tàbí MX Linux, tàbí Debian fúnra rẹ̀ pẹ̀lú LXQt, yóò ṣe é. Bí ó bá jẹ́ 4GB, kí a fi Linux Mint olójú Xfce sí i. Ẹni tó ti ń lo Windows láti ìgbà èwe yóò mọ ọ̀nà nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lápá òsì níbi tó ti mọ̀ ọ́n.

Ohun kejì tó yẹ kí a wò ni bóyá ọpọlọ ẹ̀rọ jẹ́ ti 32-bit tàbí ti 64-bit. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 2007 jẹ́ 64-bit, àfi àwọn kéékèèké kan tó ń lo ọpọlọ Atom. Kí ẹni tó ní 32-bit má sọ̀rètí nù, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ọ̀nà ń dín fún un: Debian 13 tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 kò ní ìfisílé fún irú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n antiX 23 ṣì ní in.

Bí A Ṣe Ń Ṣe É

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí ọmọ tó bá jókòó sẹ́yìn lè lọ ṣe é. Kí a tó ṣe ohunkóhun, kí a kó ìwé àti àwòrán tó wà nínú ẹ̀rọ sí ibòmíràn, nítorí pé ẹni tó bá gba ètò tuntun láàyè láti gba gbogbo dísìkì ti pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà, kí a tú ìdí ẹ̀rọ, kí a gbọn eruku kúrò lára fáànù, nítorí pé ooru ń fa ìfàsẹ́yìn fún ọpọlọ rẹ̀. Bí ọjọ́ àti aago rẹ̀ bá ń padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkígbà tí a bá tàn án, bátìrì kékeré bíi kọ́bọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti kú, ó sì yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, íntánẹ́ẹ̀tì yóò máa kọ ẹ̀rọ náà, nítorí pé ìwé ẹ̀rí ààbò tí àwọn ojú ewé ń lò ní ọjọ́ nínú.

Lẹ́yìn èyí, kí a wa ètò tí a yàn sílẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì. Lubuntu tàbí Mint a máa tó nǹkan bí 3GB, nítorí náà ó dára kí ẹnì kan ṣe é ní Ìlọrin tàbí níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti já geere, kí ó sì pín in fún ogún ènìyàn. Òfin gbà á láàyè. Kí a fi nọ́ńbà àyẹ̀wò tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí i dájú pé ó pé, kí a sì fi ètò Rufus tàbí Ventoy gbé e sórí fláàṣì 8GB. Kí a ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ, kí a tàn án, kí a sì máa tẹ F12 tàbí Esc tàbí F9, nítorí pé olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ló ní tirẹ̀, títí yóò fi béèrè ibi tí a fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù lọ rèé. Ètò náà yóò ṣí láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohun kan lórí dísìkì. A lè wò ó bí ohùn ń jáde, bí kí-bọ́ọ̀dù ń gbọ́ràn, bí Wi-Fi ń rí ojú ọ̀nà. Bí Wi-Fi bá kọ̀, bó ti máa ń rí lórí àwọn ẹ̀rọ tó ń lo ègé Broadcom, kí a fi wáyà fóònù so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí a ṣí ìpín dátà láti inú fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì yóò sì wọlé lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ohun gbogbo bá tẹ́ wa lọ́rùn ni kí a tó tẹ bọ́tìnì ìfisílé.

Bí owó díẹ̀ bá wà, kí a fi SSD kékeré, dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò dísìkì àtijọ́ tó ń yí; kò sí ohun mìíràn tí a lè rà tó ń sọ ẹ̀rọ arúgbó di ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ni RAM, tí a lè fà yọ láti inú ẹ̀rọ tó ti kú ní tòótọ́. Kí a sì rántí pé ohun tó ń jẹ RAM jù lọ lóde òní ni ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì; ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan tó fún ẹ̀rọ tó ní 2GB.

Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Kò sí bí a ṣe lè ṣe ifá kó má hùwà èkùrọ́. Linux kò lè sọ ẹ̀rọ ọdún 2008 di ti òní. Fídíò tó mọ́ kedere yóò máa há, àwọn ojú ewé tó wúwo yóò máa fà, ètò àwọn ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan kò sì ní ṣiṣẹ́, tàbí kó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wàhálà. LibreOffice yóò ṣí ìwé Word, yóò sì kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwé tí a fi ọ̀ṣọ́ púpọ̀ dí lè yí ìdúró rẹ̀ padà. Bátìrì tó ti kú kò ní jí nítorí ètò; bí NEPA bá mú iná lọ, iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ yóò bá iná lọ, nítorí náà kí ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti kú máa fi iṣẹ́ pamọ́ léraléra. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a tan òun. Fún kíkọ̀wé, ìṣirò, ìwé kíkà, lẹ́tà, ẹ̀kọ́ àti àkọsílẹ̀ ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́, ó tó, ó sì ṣẹ́kù.

Ìdí Tí Ó Fi Kàn Wá Níhìn-ín

Láti ọdún 2013 ni JAMB ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, nígbà tó sì di ọdún 2015, wọ́n pa ti orí ìwé tì pátápátá. Wọ́n ṣe é débi pé bọ́tìnì mẹ́jọ péré tó fún akẹ́kọ̀ọ́: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti parí, R láti yí ìparí náà padà. Ohun tó rọrùn bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó mọ ìwé dáadáa máa ń kùnà lé lórí nígbà mìíràn, nítorí pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kan kí-bọ́ọ̀dù, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, tí aago sì ń sáré. Ẹ̀rọ ọdún 2009 tó ní Lubuntu nínú tó láti mú ìbẹ̀rù yẹn kúrò lára ọmọ àgbẹ̀. Fún àwọn kéékèèké, ètò GCompris wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Debian, tó ń kọ́ ọmọ ọdún 2 títí dé 10 ní lẹ́tà, ìṣirò àti ìlò kí-bọ́ọ̀dù.

Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá dúró, Kiwix wà, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007 kí ènìyàn lè ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Wikipedia ti èdè Yorùbá ní ju 30,000 àyọkà lọ, a sì lè gbé gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì kan, kí a fi í sínú kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, kí ọmọ máa kà á ní ọ̀sán tí kò sí dátà. Ohun mìíràn tún wà tó dùn mọ́ mi: nínú Linux, a lè yan àtẹ kí-bọ́ọ̀dù Nàìjíríà, ẹ̀ka ti Yorùbá, kí a sì tẹ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ohùn wọn bó ti yẹ, láìra ohunkóhun. Ọmọ tó kọ́ láti tẹ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ kò ní máa ro pé èdè rẹ̀ kò tọ́ sí ẹ̀rọ.

Kí a tún ro ti ilẹ̀ tí a ń gbé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ń wọlé lọ́dún kan, tí ó lé ní 15,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ kó tó gúnlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ti wà láti ọdún 2011 lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọ̀dọ́ ń sun wáyà àwọn ohun èlò náà láti rí bàbà inú rẹ̀, òjé, mẹ́kúrì àti kádímíọ̀mù sì ń wọ ilẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Gbogbo ẹ̀rọ tí a bá mú pẹ́ sí i lọ́wọ́ jẹ́ ẹ̀rọ kan tí a kò jù sórí ààtàn yẹn.

Àbá Tí Mo Gbé Kalẹ̀

Kí ìlú yìí àti àwọn ìlú tó yí i ká, láti Ọ̀sì títí dé Ìlọ́fà, ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé kọ̀ǹpútà tí kò lò mọ́ wá, lẹ́yìn tó bá ti kó ìwé àṣírí rẹ̀ kúrò. Kí a to wọ́n jọ: èyí tó ṣì pé lápá kan, èyí tó nílò RAM tàbí dísìkì lápá kejì, èyí tó ti kú, tí a ó fi ṣe ìtọ́jú àwọn yòókù, lápá kẹta. Kí ilé-ìwé girama kan fún wa ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn tó lágbára. Kí a má kọ́ ẹnì kan ṣoṣo ní iṣẹ́ yìí, nítorí pé àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ wọ́n níyà. Kí olùkọ́ méjì àti ọmọ ilé-ìwé mẹ́rin ó kéré tán, lọ́kùnrin lóbìnrin, kọ́ ọ pọ̀, kí àwọn náà sì kọ́ ẹlòmíràn kí ọdún tó yí. Kí kọ̀ǹpútà kan nínú yàrá náà jẹ́ ilé ìkẹ́rù, tí àwọn ètò, Kiwix àti ìwé ẹ̀kọ́ yóò wà nínú rẹ̀. Kí a lo apt-offline, ètò kan tó ń jẹ́ kí a lè wa àtúnṣe sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ní íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìlọrin, kí a sì gbé e wá sórí fláàṣì fún àwọn tí kò ní. Kí ìwé kan wà tí a ń kọ orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí, RAM rẹ̀, àrùn rẹ̀ àti ìwòsàn tí a ṣe fún un, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí márùn-ún bá dìde nínú ogún, márùn-ún náà ti ju òdo lọ, ogójì ọmọ sì lè pín wọn lò ní ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n èrè tí mo ń wò jù lọ kò sí lára ẹ̀rọ. Ọmọ tó bá ti tú ìdí kọ̀ǹpútà, tó mọ ohun tó ń jẹ́ RAM, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ètò kan kúrò tó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tó sì mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti wo inú ètò náà títí dé gbòǹgbò, kì í ṣe oníbàárà lásán mọ́. Ó ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe é. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń kọ́ Linux káàkiri ayé, kò sí òfin kankan tó sọ pé ọmọ Obbo-Ayégúnlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, ìlẹ̀kùn náà sì ṣí sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, mo bẹ Kábíyèsí kí ọ̀rọ̀ yìí jáde láti ààfin lọ sí àdúgbò gbogbo. Mo bẹ àwọn olórí ìjọ àti ìmáàmù kí wọ́n sọ ọ́ ní ìsinmi àti ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo bẹ àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi kí wọ́n má fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láìfi ìmọ̀ tẹ̀ lé e, kí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí nínú wọn jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ọjọ́ díẹ̀ nígbà tó bá wá sílé fún ọdún. Mo sì bẹ àwọn olùkọ́ kí wọ́n fi orúkọ ara wọn sílẹ̀ lónìí kí a tó tú ká. Kí ìlú rójú, kí ó ráyè, kí àwọn ọmọ wa sì gbọ́n jù wá lọ.